Òjó Ni Tàbí Àìná?

Ní ọdún 1998, nígbà tí mo ṣì ń kọ àpilẹ̀kọ mi fún oyè ọ̀mọ̀wé, ẹ̀gbọ́n mi kan tí ó jẹ́ dókítà wá bá mi pẹ̀lú ìwé pélébé kan lọ́wọ́. Àwọn ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì bí ogójì ni ó tò sínú rẹ̀. Ó fẹ́ kí n bá òun wá ọ̀rọ̀ Yorùbá fún wọn, nítorí pé púpọ̀ nínú àwọn ìyá tí ń gbé ọmọ wá sọ́dọ̀ rẹ̀ kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. "Ìwọ tí o ní Yorùbá ni o ń kà," ni ó wí, "jẹ́ kí á rí ìwúlò rẹ̀." Inú mi dùn. Iṣẹ́ dídá ọ̀rọ̀ tuntun sílẹ̀ a máa gun ọ̀dọ́ onímọ̀ èdè bí ọtí, mo sì fi ọjọ́ mẹ́ta jókòó tì í. Nígbà tí mo dé ìlà kejìdínlógún, mo bá ọ̀rọ̀ kan pàdé tí àwọn oníṣègùn ń lò nígbà náà fún ẹni tí ó ní kórópọ̀n nínú ikùn, ṣùgbọ́n tí ìta ara rẹ̀ jọ ti obìnrin. Bí a bá tú ọ̀rọ̀ náà palẹ̀, ohun tí ó ń wí ni pé onítọ̀hún jẹ́ takọtabo irọ́, àti pé akọ ni ní ti òdodo. Mo rò ó síwá, mo rò ó sẹ́yìn, mo kọ "ayédèrú akọ" sí iwájú rẹ̀. Ó ṣe ṣókí, ó dùn-ún pè, mo sì ka ara mi kún ọlọ́gbọ́n.

Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà ni ẹ̀gbọ́n mi padà wá. Ó ní òun lo ọ̀rọ̀ náà fún ìyá kan. Ìyá náà dákẹ́ pẹ́, lẹ́yìn náà ó ní: "Dókítà, ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé ayédèrú ọmọ ni mo wá bí ni?" Ẹ̀gbọ́n mi kò bá mi jà. Ohun tí ó wí kò ju pé kí n tún ìlà náà wò lọ. Ó ti lé ní ọdún márùndínlọ́gbọ̀n báyìí tí mo ti ń tún un wò.

Ìwé tí ó kọ́kọ́ fi ibi tí mo ti ṣìnà hàn mí kì í ṣe ìwé ìṣègùn. Ìtàn ìgbésí ayé tí Herculine Barbin fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ni. Ìlú Saint-Jean-d'Angély, ní ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Faransé, ni a ti bí Barbin ní ọdún 1838. Ọmọbìnrin ni wọ́n kọ sínú ìwé ìbí rẹ̀. Alexina ni àwọn ará ilé ń pè é. Ọ̀dọ̀ àwọn obìnrin ẹlẹ́sìn Kátólíìkì ni ó ti dàgbà, ó kọ́ṣẹ́ olùkọ́, ó sì ń kọ́ àwọn ọmọdébìnrin ní ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń sùn sí. Níbẹ̀ ni ìfẹ́ ti wọ àárín òun àti olùkọ́bìnrin ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kan, ẹni tí ó pè ní Sara nínú ìwé. Inú rírun àti ara ríro gbé e dé ọ̀dọ̀ dókítà, ìjẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ gbé e dé ọ̀dọ̀ bíṣọ́ọ̀bù La Rochelle, bíṣọ́ọ̀bù sì fà á lé dókítà mìíràn lọ́wọ́, Chesnet ni orúkọ tirẹ̀. Ní oṣù kẹfà ọdún 1860, ilé-ẹjọ́ pàṣẹ pé kí wọ́n tún ìwé ìbí náà kọ: ọkùnrin ni, Abel ni kí á máa pè é. Bí iṣẹ́ ṣe bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn, bí Sara náà ṣe bọ́. Ó kó lọ sí Paris, ó ń wá iṣẹ́ kiri. Ní oṣù kejì ọdún 1868 ni wọ́n bá òkú rẹ̀ nínú yàrá kékeré kan. Èéfín èédú ni ó fi gba ẹ̀mí ara rẹ̀. Kò tí ì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún. Ìwé tí ó kọ wà nínú yàrá náà.

Dókítà Ambroise Tardieu ni ó kọ́kọ́ tẹ apá tí ó wù ú nínú ìwé náà jáde, ní nǹkan bí ọdún mẹ́rin lẹ́yìn ikú Barbin, gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ fún àwọn adájọ́ àti oníṣègùn. Michel Foucault ni ó wá tún un tẹ̀ ní ọdún 1978. Ó fi ìròyìn Chesnet àti ti Goujon, dókítà tí ó la òkú náà, kún un. Nígbà tí ó sì jáde ní Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1980, Foucault kọ ọ̀rọ̀ ìṣáájú sí i, níbi tí ó ti bi wá bóyá ó di dandan kí olúkúlùkù ní akọ tàbí abo kan tí í ṣe òtítọ́ rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ka ìwé yìí ń gbọ́ ohùn ẹni tí ọ̀ràn náà ṣẹlẹ̀ sí, ohùn àwọn tí ó yẹ ara rẹ̀ wò, àti ohùn ọ̀jọ̀gbọ́n tí ó dé lẹ́yìn ọgọ́rùn-ún ọdún tí ó ń ṣe onílàjà. Mo máa ń sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi pé kí wọ́n ka ìròyìn Chesnet ṣáájú, kí wọ́n tó ka ìtàn Barbin. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ kì í gbọ́.

Èdè ni mo fẹ́ kí á kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Ní èdè Faransé, ẹni tí ó bá fẹ́ kọ ọ́ pé inú òun dùn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ pinnu bóyá akọ ni òun tàbí abo, nítorí pé ìparí ọ̀rọ̀ àpèjúwe a máa yàtọ̀. Barbin kò dúró sí ojú kan. Nígbà mìíràn yóò fi ìparí ti obìnrin sí ọ̀rọ̀ tí ó bá ara rẹ̀ wí, nígbà mìíràn yóò fi ti ọkùnrin. Kì í ṣe pé kò mọ gírámà, olùkọ́ ni. Bí ó ti ń rántí ìgbà kan sí òmíràn, bẹ́ẹ̀ ni ọwọ́ rẹ̀ ń yí padà. Mo gbìdánwò láti túmọ̀ ojú ìwé díẹ̀ sí Yorùbá fún kíláàsì mi, gbogbo wàhálà náà sì pòórá lójú ẹsẹ̀. "Inú mi dùn." "Ó rẹ̀ mí." "Ó lọ." Akẹ́kọ̀ọ́ kan ṣe sàdáńkátà: ó ní bí ó bá jẹ́ pé Yorùbá ni wọ́n ń sọ ní La Rochelle ni, Barbin kì bá tí kú. Mo dá a lóhùn pé ohun tí èdè wa gbé pa mọ́ kì í ṣe ìṣòro Barbin. Ẹ̀rí ìṣòro náà ni. Ẹni tí ó bá ka ìtumọ̀ tèmi kò ní mọ̀ rárá pé ọwọ́ kan gbọ̀n níbẹ̀. N kò tẹ ìtumọ̀ náà jáde.

Ìròyìn Chesnet ńkọ́? Iṣẹ́ ẹni tí kì í gbọ̀n ni. Ó to ẹ̀rí jọ bí agbẹjọ́rò: ohun tí ó jọ ti obìnrin rèé, ohun tí ó jọ ti ọkùnrin rèé. Ó wo irùngbọ̀n, ó wo ọmú, ó wọn ohun tí ó ṣeé wọ̀n. Ó tilẹ̀ ka ẹni tí ọkàn Barbin ń fà sí mọ́ ẹ̀rí, bí ẹni pé ìfẹ́ náà jẹ́ ẹ̀yà ara tí ọwọ́ lè bà. Lẹ́yìn náà ni ó fọwọ́ kan kórópọ̀n àti okùn rẹ̀, ọ̀ràn sì parí: ọkùnrin ni. Ẹ ṣàkíyèsí pé ìka ọwọ́ ni ó fi mọ̀ ọ́n. Kò gé ẹran kankan, kò sì lo awò kankan. Bẹ́ẹ̀ ni ó sì tó fún ilé-ẹjọ́.

Foucault fẹ́ràn apá ibi tí Barbin wà láàrin àwọn obìnrin ẹlẹ́sìn náà. Ó rí i bí ibi tí ènìyàn ti lè gbé láìsí pé ẹnikẹ́ni ń béèrè ohun tí ó jẹ́. Èmi kò gbà fún un tán. Ẹ̀rù wà nínú àwọn ojú ìwé wọ̀nyẹn láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó ń fi aṣọ bo ara rẹ̀ nígbà tí àwọn yòókù ń ṣeré létí omi kò bọ́ lọ́wọ́ ìbéèrè, òun fúnra rẹ̀ ni ó ń bi ara rẹ̀. Judith Butler ti bá Foucault wí lórí ọ̀rọ̀ yìí nínú ìwé rẹ̀ ti ọdún 1990, mo sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tí Foucault béèrè, nípa òtítọ́ yẹn, kò ṣeé tì sẹ́yìn. Níbo ni òtítọ́ ọ̀hún wà nínú ara? Ọdún mẹ́jọ lẹ́yìn ikú Barbin ni ẹnì kan dáhùn, ìdáhùn náà sì dé inú àtòjọ tí ẹ̀gbọ́n mi gbé wá bá mi.

Edwin Klebs ni ẹni náà, ọmọ Jámánì tí ó mọ ìmọ̀ àrùn dunjú. Òun kan náà ni orúkọ rẹ̀ ṣì so mọ́ kòkòrò àrùn tí í máa ń dí ọmọdé lọ́nà ọ̀fun. Ní ọdún 1876 ó pín gbogbo àwọn ẹni tí ara wọn kò ṣe gédégédé sí ìsọ̀rí. Ohun kan ṣoṣo ni ó fi pín wọn: ẹ̀yà ara tí ń ṣe ẹyin tàbí irú àtọ̀, ìyẹn ilé-ẹyin tàbí kórópọ̀n. Kí ọ̀rọ̀ má baà gùn, èmi yóò máa pe méjèèjì pọ̀ ní orísun-irú. Ẹni tí ó bá ní irú méjèèjì nínú ara kan náà, takọtabo tòótọ́ ni Klebs pè é. Ẹni tí ó bá ní kórópọ̀n nìkan, bí ìta ara rẹ̀ ì báà ti rí, takọtabo irọ́ ni, akọ sì ni. Ẹni tí ó bá ní ilé-ẹyin nìkan, takọtabo irọ́ ni òun náà, abo sì ni. Irùngbọ̀n, ọmú, ohùn, ìfẹ́, iṣẹ́ ọwọ́, orúkọ, gbogbo rẹ̀ di ohun tí kò wọn kóńkó mọ́.

Mo ti jókòó sídìí awò náà rí. Ẹ̀gbọ́n mi mú mi lọ sọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ fífi awò yẹ ẹran ara wò, kí n lè mọ ohun tí mo ń wá ọ̀rọ̀ fún. Wọn a gé ẹran náà díẹ̀, wọn a rẹ ẹ́ sínú oògùn kí ó má baà rà, wọn a tì í sínú ìda títí yóò fi le, wọn a sì rẹ́ ẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ débi pé ìmọ́lẹ̀ lè gba inú rẹ̀ kọjá. Ní ipò yìí kò ní àwọ̀, kò sì sí ohun tí ojú lè rí tí yóò sọ nǹkan. Nítorí náà, wọn a pa á láró. Àwọ̀ aró kan nínú méjèèjì tí wọ́n ń lò jù lọ ń wá láti inú igi kan tí ń hù ní àárín gbùngbùn Amẹ́ríkà, gẹ́gẹ́ bí osùn tiwa ti ń ti inú igi wá. Àwọ̀ yìí a sọ ọkàn sẹ́ẹ̀lì di aró tí ó fẹ́ jọ èsè àlùkò. Èkejì a sọ ìyókù di pupa rẹ́súrẹ́sú. Mo dojú kọ awò, mo rí aṣọ àdìrẹ.

"Èyí ni kórópọ̀n," ni onímọ̀ náà wí. Àwọn ọ̀pá wẹ́wẹ́ oníhò ni mo rí, tí a gé ní ìbú bí ìgbà tí a gé ìgbálẹ̀ tí a dì pọ̀. Ara ògiri ọ̀pá kọ̀ọ̀kan ni àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ń tọ́ irú àtọ̀ wà. Àlàfo tí ó wà láàrin ọ̀pá kan sí èkejì ni ti àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ń ṣe họ́mónù akọ. Ó yọ ọ́, ó fi òmíràn sí i. Ilé-ẹyin ọmọ tuntun ni èyí: ẹyin kéékèèké, ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú àpò tirẹ̀, wọ́n kún etí ẹran náà bí ìgbà tí ìrì sẹ̀ sára ewé. Ẹ̀kẹta ni ó wá mú mi dákẹ́. Apá òsì rẹ̀, ọ̀pá wẹ́wẹ́; apá ọ̀tún rẹ̀, ẹyin nínú àpò. Lára ẹran kan ṣoṣo ni.

Kí á má rò pé iṣẹ́ ìwòran lásán ni. Òfin wà nínú rẹ̀. Ẹran tí ó kàn nípọn bí ti ilé-ẹyin, tí kò ní ẹyin nínú, kò tó láti pè ní ilé-ẹyin. Kórópọ̀n tí kò dàgbà bí ó ti yẹ lè ní irú ẹran bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni okùn ẹran lásán tí kò di ìkankan nínú méjèèjì. Àfi kí a rí ẹyin gan-an nínú àpò rẹ̀, kí a sì rí ọ̀pá wẹ́wẹ́ náà, kí a tó lè sọ pé méjèèjì wà níbẹ̀. Nígbà mìíràn, apá méjèèjì a kọjú orí síra, ọ̀kan ní òkè, ọ̀kan ní ìsàlẹ̀, tí ó fi jẹ́ pé dókítà tí ó bá gé ẹran níbi orí nìkan yóò búra pé ilé-ẹyin ni. Kò sí ẹni tí yóò gbọ́ èyí tí kò ní mọyì ìṣọ́ra àwọn ènìyàn wọ̀nyí. Ìwúlò rẹ̀ kò sì kéré: bí orísun-irú kò bá dàgbà bí ó ti yẹ, tí kúrómósóòmù Y sì wà nínú ara ọmọ náà, jẹjẹrẹ lè ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀, awò yìí ni yóò sì tètè rí i. Kò sí ìyá tí yóò kọ irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀.

Kò sì yẹ kí ẹran méjèèjì tí ó pàdé yẹn yà wá lẹ́nu tó bí ó ti yà mí lẹ́nu. Títí di nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kẹfà nínú oyún, ohun kan náà ni orísun-irú gbogbo wa, ó lè lọ sí ìhà yìí, ó lè lọ sí ìhà ọ̀hún. Ní ọdún 1990 ni àwọn onímọ̀ ní London rí jíìnì tí í máa ń dárí rẹ̀ sí ìhà kórópọ̀n, SRY ni wọ́n pè é. Síbẹ̀, nínú púpọ̀ àwọn tí wọ́n ní ẹran méjèèjì, pàápàá láàrin àwọn ènìyàn dúdú ní Gúúsù Áfíríkà, níbi tí irú ìbí yìí ti pọ̀ ju bí ó ti wà níbòmíràn lọ, kúrómósóòmù X méjì ni ó wà, wọn kò sì rí SRY rárá.

Ibo wá ni àṣìṣe Klebs wà? Ó wà nínú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, àwa Yorùbá sì lè rí i lórí àmì ohùn kan ṣoṣo. *Ó ní kórópọ̀n*: ọ̀rọ̀ nípa ẹran ara nìyí, awò lè jẹ́rìí sí i. *Akọ ni*: ọ̀rọ̀ nípa ènìyàn nìyí. Láti "ní" dé "ni", àmì òkè kan péré ni ó bọ́ sílẹ̀. Klebs fo kòtò náà láìwo ilẹ̀, ó sì fi "tòótọ́" àti "irọ́" ṣe afárá. Kì í ṣe ẹran ara ni ó pè ní irọ́. Kórópọ̀n inú ikùn kì í ṣe irọ́, awọ ìta kì í ṣe irọ́. Ẹni tí ó gbé méjèèjì rìn ni ọ̀rọ̀ náà já lé lórí.

Alice Dreger, nínú ìwé rẹ̀ *Hermaphrodites and the Medical Invention of Sex* tí ó jáde ní ọdún 1998, ṣe àlàyé ohun tí àwọn dókítà ilẹ̀ Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì fi ìsọ̀rí yìí ṣe, láti nǹkan bí ọdún 1870 títí di 1915. Ìwé tí ó dára ni, ó sì ní ẹ̀fẹ̀ díẹ̀ nínú. Ó fi hàn pé nígbà tí ó ti di pé àfi ẹ̀rí awò, takọtabo tòótọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́ ní ayé, nítorí pé kò rọrùn láti gé irú ẹran bẹ́ẹ̀ lára alààyè ní ìgbà náà. Ẹni tí ó bá fẹ́ jẹ́ takọtabo tòótọ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kú, tàbí kí wọ́n yọ ohun tí ó fi jẹ́ bẹ́ẹ̀ kúrò lára rẹ̀. Ní ọdún 1896, Blacker àti Lawrence ní London gbé gbogbo ìròyìn àtijọ́ yẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì da èyí tí ó pọ̀ jù nù. Olámèyítọ́ ni àwọn méjèèjì, bí èmi tí mo ń kọ èyí. Irú àwọn olámèyítọ́ tí ó jẹ́ pé bí wọ́n bá parí iṣẹ́, ìwé tí ó kù lórí pẹpẹ kì í ju méjì mẹ́ta lọ. Ẹ̀ka kan ṣoṣo ni mo bá Dreger jà sí. Bí a bá ka ìwé rẹ̀ kíákíá, a ó máa rò pé ìbẹ̀rù àwọn dókítà pé akọ àti abo fẹ́ dàrú ni ó mú wọn di awò mú. Ó rí bẹ́ẹ̀ dé ìwọ̀n kan. Ṣùgbọ́n èmi tí mo ti wo inú awò náà mọ̀ pé ohun mìíràn tún wà níbẹ̀: ohun tí ojú rí ní kedere dùn mọ́ni. Ẹni tí ìbéèrè líle ti dá lágara, tí ó wá rí ọ̀pá wẹ́wẹ́ tí aró ti mú hàn kedere, yóò fẹ́ kí ìdáhùn wà níbẹ̀.

William Blair Bell, dókítà àwọn obìnrin ní Liverpool, ti rí i ní ọdún 1915 pé ìdáhùn kò sí níbẹ̀: ó ní kí a wo gbogbo ara, kí á má fi orísun-irú nìkan dájọ́. Síbẹ̀, ní ọdún 1953 tí John Morris ní Amẹ́ríkà ṣàpèjúwe àwọn obìnrin kan tí ara wọn kò gbọ́ràn sí họ́mónù akọ, ọ̀rọ̀ Klebs náà ṣì wà nínú àkọlé rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí á ro àwọn obìnrin wọ̀nyí wò. Wọ́n dàgbà gẹ́gẹ́ bí ọmọbìnrin, wọ́n yọ ọmú, òmíràn wọlé ọkọ; àìrí nǹkan oṣù ni ó gbé wọn dé ilé ìwòsàn. Kórópọ̀n wà nínú ikùn wọn, ó ń ṣiṣẹ́ rẹ̀, ó ń da họ́mónù sínú ẹ̀jẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí sẹ́ẹ̀lì tí ń dáhùn. Irú àwọn ẹni wọ̀nyí gan-an ni mo pè ní ayédèrú akọ. Ẹni tí kò pe ara rẹ̀ ní akọ lọ́jọ́ kan ni mo fi ẹ̀sùn ayédèrú kàn.

Mo mọ ohun tí àwọn kan nínú àwọn òǹkàwé mi yóò fẹ́ kí n sọ níhìn-ín: pé àwọn baba ńlá wa kò ní irú ìdààmú yìí, pé Ọbàtálá ni ó mọ ara bí ó ti wù ú, pé "ó" kan náà ni a ń pe akọ àti abo. N kò ní sọ bẹ́ẹ̀. Ìbéèrè wo ni a kọ́kọ́ ń béèrè lẹ́nu ẹni tí ó gbẹ̀bí? Ọmọ tí ó bá fi ẹsẹ̀ wáyé, Ìgè ni, akọ ì báà ṣe abo. Èyí tí ó dojú bolẹ̀, Àjàyí ni. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó gbé ìwọ́ kọ́rùn wáyé, bí ó bá jẹ́ ọkùnrin, Òjó. Bí ó bá jẹ́ obìnrin, Àìná. Èyí tí ó wáyé pẹ̀lú àpò lórí, Sàlàkọ́ tàbí Tàlàbí. Kí ìyá ọmọ tó jókòó, ojú agbẹ̀bí ti ṣe ìpín tirẹ̀, orúkọ sì ti so mọ́ ọmọ. A kò lo awò, ṣùgbọ́n a wò. Ohun tí mo lè fi gbèjà agbẹ̀bí náà kò ju pé Òjó kì í ṣe ìdájọ́ lórí bóyá ọmọ náà jẹ́ tòótọ́ tàbí irọ́. Orúkọ ń sọ bí ọmọ ṣe dé. Nígbà tí ìyá ọjọ́ náà gbọ́ "ayédèrú" lẹ́nu ẹ̀gbọ́n mi, kì í ṣe ìṣègùn òyìnbó ni ó gbọ́. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ tí a ń lò fún owó tí ọjà kì í gbà.

Ní oṣù kẹwàá ọdún 2005, àwọn onímọ̀ bí àádọ́ta pàdé ní Chicago, àbájáde ìpàdé wọn sì jáde ní ọdún 2006. Wọ́n fi òpin sí tòótọ́ àti irọ́. Lára ohun tí ó sún wọn débẹ̀ ni ariwo àwọn tí a ti pè ní irọ́ láti kékeré. Ẹgbẹ́ tí Cheryl Chase dá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1993 ti ń bá àwọn dókítà fà á kí wọ́n tó pàdé. Iye àti irú kúrómósóòmù ni wọ́n wá ń fi ṣe orúkọ báyìí, ṣùgbọ́n fún àwọn tí wọ́n ní ẹran méjèèjì, orúkọ orísun-irú ṣì wà nínú tuntun náà. Àwọn kan bínú sí ọ̀rọ̀ mìíràn tí wọ́n lò, èyí tí ó ń sọ pé ara náà kò létò, wọ́n sì ní ẹ̀tọ́ láti bínú. Ní tèmi, mo rí ìtẹ̀síwájú kan tí ó tó mi: àwọn orúkọ tuntun náà ṣeé sọ pẹ̀lú "ní". Ọmọ lè ní wọn. Kò di dandan kí ọmọ jẹ́ wọn.

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi fẹ̀yìn tì, ó ní kí n tún àtòjọ àtijọ́ yẹn kọ fún àwọn dókítà kékeré tí ó fi sílẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí ó gbà mí ní oṣù mẹ́rin. Mo kọ "ilé-ẹyin", mo kọ "kórópọ̀n inú ikùn". Fún ẹran méjèèjì tí ó pàdé, mo kọ "ẹran tí ẹyin àti ọ̀pá irú jọ wà nínú rẹ̀". Ó gùn, mo mọ̀. Fún àwọn obìnrin Morris, gbólóhùn ni mo kọ dípò orúkọ: "Ọmọ yín ní kórópọ̀n nínú ikùn, ara rẹ̀ kò gbọ́ ohun tí kórópọ̀n náà ń wí." Mo fi í ránṣẹ́ sí i.

Lálẹ́ ọjọ́ náà ni ó pè mí lórí fóònù. Ó ti kà á tán. Ó ní: "Àbúrò, ìlà kejìdínlógún ṣófo."

Mo ní: "Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ jẹ́ kí ó wà bẹ́ẹ̀, sà."